Ẹni Tí À Ń Sọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí mo kórìíra ju gbogbo ìbéèrè ayé yìí lọ. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi, kò sí àlejò tó wọlé wá kí wọn tí kì í bi wọ́n. Á bẹ̀rẹ̀ níwájú àga wọn, á gbé ojú sún mọ́ tiwọn, á wá pariwo bí ẹni pé etí wọn ni àìsàn náà bà jẹ́: "Bàbá, ṣé ẹ dá mi mọ̀? Ta ni mí?" Bàbá mi á wò ó. Ètè wọn á máa gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Àlejò á kọjú sí mi, á mi orí: "Ó mà ṣe o! Wọn ò mọ èèyàn mọ́."

Èmi á ní ẹ ṣeun, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu omi wá. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná: aláìsàn lẹ wá kí, àbí ìdánwò lẹ gbé wá fún un? Ká ní mo lè ti gééètì mọ́ gbogbo wọn, ǹ bá tì í jàre. Ṣùgbọ́n ta ló ń lé ẹni tó wá kí aláìsàn? Kó tó dọ̀la, wọ́n á ti máa sọ ọ́ káàkiri Ìgándò pé mo ti bàbá mi mọ́lé.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ọmọbìnrin yìí nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Màmá mi ti kú. Aṣọ ni mo ń rán, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún. Nígbà tí àìsàn yìí dé, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí pálọ̀ bàbá mi, kí n lè máa ránṣọ kí n sì máa mójú tó wọn. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ́ kedere. Èmi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tí mo máa fi han aráyé ni mi ò ní.

Ìròyìn pé wọn ò mọ èèyàn mọ́ ló dé etí ẹ̀gbọ́n wọn nílùú wa. Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ bàbá mi dàgbà nígbà tí òbí wọn kú, àwọn ló rán wọn lọ sílé-ìwé, ohùn wọn sì labẹ gé nínú ìdílé wa. Wọ́n pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Sátidé ni mò ń bọ̀," wọ́n ní. "Bó bá dá mi mọ̀, ó dáa, kó dúró lọ́dọ̀ rẹ. Bí kò bá dá mi mọ̀, mo máa gbé e wálé."

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù tó ń tọ́jú wọn, ibí ló wà."

"Mo gbọ́. Ìwọ nìkan lò ń gbé e dìde, ìwọ lò ń wẹ̀ fún un, ìwọ lò ń dáná. Bí ìwọ náà bá wá dákú ńkọ́? Sátidé, ọmọ mi."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rán àpò mọ́ ibi tó yẹ kí kọ́là wà, mo tú u, mo tún un rán síbẹ̀ náà. Kì í ṣe pé Bàbá Àgbà burú o, èèyàn ire ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé màmá mi náà lọ sílé lọ́jọ́sí nìyẹn, pé kí màmá lọ sinmi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ilé fẹ́ sí wọn lára. Ibẹ̀ ni màmá mi sinmi sí títí dòní. Bí wọ́n bá tún gbé bàbá mi gba ojú ọ̀nà yẹn, mi ò rò pé mo lè gbà á mọ́ra.

Obìnrin tó ń kọ́ bàbá mi ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé orúkọ ló máa ń ṣòro jù fún irú wọn. "Wọ́n mọ ẹni tó wà níwájú wọn. Orúkọ ẹ̀ ni wọn ò rí mú," ló wí. "Ẹ fi ohun tó ti mọ́ wọn lẹ́nu tipẹ́ bẹ̀rẹ̀. Orin, àdúrà, ohunkóhun tí wọ́n ti sọ títí tó fi di ara wọn." Mo délé, mo kọrin. Mo gbàdúrà. Bàbá mi ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ilé-ìwé tí ìdáhùn ẹ̀ ò kan ìbéèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ni mo bá rí ògiri dúdú tó wà níbẹ̀. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Èédú tí wọ́n gún ni bàbá mi fi kun ògiri yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàbá mi á mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀hún, pronoun ni wọ́n fẹ́ràn jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí à ń fi rọ́pò orúkọ. "O ti dárúkọ àǹtí ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó," wọ́n á wí. "Má fi orúkọ lu àwa tó ń gbọ́ pa. Sọ pé 'she', ká máa lọ."

Wọ́n á wá pe ọmọ mẹ́ta síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ ló ń sọ̀rọ̀: "I" nìyẹn, "we" ni bó bá ní ẹlẹgbẹ́. Ẹni kejì là ń bá sọ̀rọ̀: "you", ìbáà ṣe ẹyọ ẹnì kan, ìbáà ṣe gbogbo ará Alímọ̀ṣọ́. Ẹni kẹta là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀: "he" fún ọkùnrin, "she" fún obìnrin, "it" fún ewúrẹ́ tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì wa, "they" bí wọ́n bá pọ̀. Òfin eré náà ni pé àwọn méjì àkọ́kọ́ á máa sọ ọ̀rọ̀ ẹni kẹta níṣojú ẹ̀: "He is lazy. I saw him. His shirt is dirty." Ẹni kẹta ò gbọdọ̀ lanu. Bó bá fèsì pẹ́nrẹ́n, òun ló máa gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ ọ̀hún jù, torí mi ò lè wà níbì kan kí wọ́n máa sọ mí, kí n wá dákẹ́. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín: "Third person, keep quiet! Kì í ṣe ìwọ là ń bá sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ Túsìdeè yẹn, mo gbé bàbá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ "I" gàdàgbà sára ògiri, mo sì gbé ọwọ́ òsì wọn lé àyà wọn. "I," mo wí. Wọ́n tẹjú mọ́ ògiri. "I," àwọn náà wí.

Mo lọgun débi pé ewúrẹ́ aládùúgbò sá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, "you" ti jáde. "He" àti "she" ló dà wọ́n láàmú díẹ̀. Wọ́n pe èmi ní "he", wọ́n wá pe ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní "she". Mo ní kò burú, Bàbá, òun náà ń ṣiṣẹ́ bí obìnrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kọ́ọ̀bù tíì wọn dání, mo ní "my cup". Ojú wọn le. "Mine," wọ́n ní, wọ́n sì na ọwọ́ sí i. Inú mi dùn ju kí n gba lọ́tìrì lọ. Àwọn ló kọ́ wa pé "my" ò lè dá rìn, ó gbọ́dọ̀ mú nǹkan dání, "my cup", "my book", ṣùgbọ́n "mine" ń dá lọ sọ́jà, á sì dá bọ̀. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, mo fẹ́ bu oúnjẹ, mo kàn sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wá sí mi lẹ́nu: "Me and you will eat now." Bàbá mi gbé ìka sókè. Wọ́n mi orí. "You," wọ́n ní, wọ́n sinmi, "and I." Bó ṣe wà nínú ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́ ni: fi ẹnì kejì ṣáájú ara ẹ, torí ọmọlúàbí ni ẹ́, má sì fi "me" ṣe iṣẹ́, "I" ló ń ṣiṣẹ́, "me" ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo sunkún. Tíṣà wà nílé.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. "You and I" kọ́ ni Bàbá Àgbà ń bọ̀ wá gbọ́. "Ta ni mí?" ni wọ́n máa bèèrè, bíi ti gbogbo ayé. Nítorí náà, mo kọ orúkọ àbísọ Bàbá Àgbà sára ògiri, mo ní kí bàbá mi pè é tẹ̀ lé mi. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n pa ẹnu dé gbáú. Mo tún un pè. Wọ́n yíjú sí títì. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣe bí eré, mo tún pàpà jágbe pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ nítorí Ọlọ́run, orúkọ kan ṣoṣo ni!" Wọ́n dijú. Ìrẹsì jóná mọ́ mi lórí iná lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì gbóòórùn ẹ̀. Mò ń sáré yọjú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu gééètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ò tíì pé.

Ọjọ́ Fúráìdeè ni Ìyá Wòlíì wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n ń gbé, aláṣọ funfun ni wọ́n, gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń wá gbàdúrà fún bàbá mi, Ọlọ́run á sì san án fún wọn. Àfi ìbéèrè ọ̀hún ṣá.

"Bàbá, ṣé ẹ dá mi mọ̀? Ta ni mí?"

"You," bàbá mi dáhùn.

Ìyá Wòlíì yíjú sí mi. "Èmi ni wọ́n ń pè ní 'you'? Ṣé wọ́n ń bú mi ni?"

Mo ní rárá o, Mà, Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ̀yin" tó yàtọ̀ fún àgbàlagbà, "you" kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba tí wọ́n fi ń pe ọmọdé. Bí ẹ bá sì rò ó dáadáa, ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ìyá Wòlíì ti ń mi orí. "Wọn ò mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn wá sí ilé àdúrà wa, kí wọ́n máa sùn síbẹ̀." Mo dúpẹ́, mo ní kí ẹ̀gbọ́n wọn dé ná. Bàbá mi ń wo àjà.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Mo wẹ̀ fún wọn, mo wọ bùbá funfun tí wọ́n fẹ́ràn fún wọn, mo fá irùngbọ̀n wọn. Gééètì ni mò ń wò, ni mo fi gé wọn lágbọ̀n díẹ̀. Bàbá Àgbà dé nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà, Ìyá Wòlíì sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n súre fún mi, ṣùgbọ́n ojú wọn ti wà lára àbúrò wọn. Wọ́n fa àpótí sún mọ́ àga, orúnkún kan orúnkún, wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún tí kò ṣiṣẹ́ yẹn sáàárín ọwọ́ tiwọn.

"Àbúrò mi. Ta ni mí?"

Mo wà lẹ́yìn Bàbá Àgbà, mò ń fi ètè pe orúkọ náà láìgbé ohùn jáde, bí ẹni ń jí ìdáhùn sọ fún ẹlẹgbẹ́ nínú ìdánwò. Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n wọn. Omijé kún ojú wọn. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí, wọ́n fajú ro, wọ́n sì pa ẹnu dé gbáú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti Tọ́sìdeè.

Bàbá Àgbà ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú. "Ó ti tán," wọ́n ní. "Di ẹrù ẹ̀."

"Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà! Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀!"

"Kò mọ̀ mí."

"Ilé àdúrà ló yẹ wọ́n," Ìyá Wòlíì wí. "Ẹ̀mí ló mú wọn lóhùn."

"Ilé ló ń lọ," Bàbá Àgbà ní. "Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á dáa fún un."

"Òtútù ibẹ̀ kì í bá wọn lára mu," mo ní.

"Ó fẹ́ràn iṣu ilé."

"Wọn kì í jẹ iṣu mọ́!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣebí èmi ni mo fi iṣu tọ́ ọ!"

Ohùn wa ti gòkè débi pé àwọn ará ilé kejì á ti máa gbọ́ wa. Àfi gbàǹgà! Kọ́ọ̀bù tíì balẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá mi ló tì í dànù. Ọwọ́ òsì wọn wà lókè, bí ọmọ kíláàsì tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí tíṣà ò rí i. Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé àyà.

"I," wọ́n ní.

"Kí ló ń wí?" Bàbá Àgbà bi mí.

Èmi! Èmi ni wọ́n tún ń bi. Mo lanu láti dáhùn, bí mo ti ń dáhùn fún wọn láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. Ni mo bá rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọmọ mẹ́ta, àti èmi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi níṣojú mi, tí ara ń ta mí bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Mo ti jà fún bàbá mi láti ọjọ́ Mọ́ńdè. N kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Mo kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè rí ojú mi. "Bàbá," mo ní, "kí lẹ̀yin fẹ́?"

Ìyá Wòlíì fẹ́ sọ nǹkan, mo gbọ́wọ́ sókè, ẹ forí jì mí. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ dè é.

"I... go," bàbá mi wí. Wọ́n mí kanlẹ̀. "With... my... brother."

Bàbá Àgbà fò sókè, àgbàlagbà náà fò sókè! "My brother, ó wí! Ẹ gbọ́ ọ! Ó mọ̀ mí! Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀!" Wọ́n dì mọ́ àbúrò wọn, fìlà jábọ́, Ìyá Wòlíì ń pe halelúyà. Èmi nìkan ló ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Orúkọ yín ni mo ń kọ́ wọn látijọ́ yìí," mo ṣáà rí nǹkan wí. "Mo kọ ọ́ sára ògiri. Wọn ò dá mi lóhùn."

"Orúkọ mi?" Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. "Ta ní ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dárúkọ mi rí. Ìwọ fẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀ lójú àìsàn?" Ojú tì mí. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀rín Bàbá Àgbà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí ojú mi. "Mo ṣèlérí fún ẹ," wọ́n ní. "Mo ní bó bá dá mi mọ̀, kó dúró lọ́dọ̀ rẹ. Ó dá mi mọ̀. Bí o bá ní kó dúró, á dúró. Mi ò ní yẹ̀ ẹ́."

Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo fẹ́ ẹ, kí n má parọ́. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìlérí ni ìlérí, ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ fún mi. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì wọn mú ọwọ́ mi. Abẹ́rẹ́ ti gún àwọn ìka mi káàkiri, torí mi ò rí oorun sùn dáadáa kí n tó máa jókòó ti ẹ̀rọ. Wọ́n rọra fi àtàǹpàkò pa ojú ọgbẹ́ náà.

"You," wọ́n ní. "You... tired."

"Kò rẹ̀ mí, Bàbá."

Wọ́n mi orí bí wọ́n ṣe máa ń mi í fún ẹni tó gba òdo. "You... sleep."

Èmi ni mo bi wọ́n. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, kí n wá ní mi ò gbọ́ èsì. Mo dìde, mo di ẹrù: oògùn wọn, bùbá, ọ̀pá ìtìlẹ̀, kọ́ọ̀bù tíì wọn. Mo fi bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ yẹn han Bàbá Àgbà, wọ́n sì fi Bíbélì búra pé àwọn á máa gbé wọn wá sí ọsibítù lásìkò. Nígbà tí ọkọ̀ yí orí padà lẹ́nu gééètì, mi ò juwọ́. Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń rántí màmá mi. Mo wọlé, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo tó lè pè wọ́n. Bàbá Àgbà ló gbé e. "Ara ẹ̀ yá gágá," wọ́n ní. "Ó sùn dáadáa, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó..."

"Bàbá Àgbà, ẹ má bínú. Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Mo gbọ́ tí fóònù ń fara ha aṣọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, mo wá gbọ́ èémí bàbá mi. Mo kí wọn. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, ó wà lẹ́nu mi, mo fi eyín di ètè mi kí n má bàa bá wọn sọ ọ́. Adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún.

"I... ate," wọ́n ní. Wọ́n sinmi. "You?"

Mo wo ìkòkò tí mi ò tíì gbé ka iná láti àná. "Mo ti jẹun, Bàbá," mo parọ́, mo sì dìde lọ tan sítóòfù.